Iye Tí Ó Gòkè Ni Kí Ó Sọ̀kalẹ̀: Ẹ̀kọ́ Lórí Eré Ìwá-Ọ̀nà ní Òkè Ìdànrè Nígbà Ooru

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ń ṣe àjọ̀dún, àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde a máa fẹ́ kí eré kan wà tí yóò yàtọ̀ sí bọ́ọ̀lù àti eré sísá orí pápá. Ní ìlú tí òkè yí ká bí Ìdànrè, eré kan wà tí ó bá ilẹ̀ náà mu gan-an. Àwọn òyìnbó ń pè é ní orienteering. Àwa yóò pè é ní eré ìwá-ọ̀nà. A kọ ẹ̀kọ́ yìí fún ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde wa, nítorí pé ẹ̀yin ni ẹ óò fọwọ́ sí ìwé àṣẹ àwọn ọmọ, ẹ̀yin náà ni ẹ óò sì dúró bí olùṣọ́ lórí òkè. Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn: iye ọmọ tí ó gòkè ni iye tí ó gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀, kí ara gbogbo wọn sì le koko. Gbogbo ètò yòókù, abẹ́ èyí ni ó wà.

Kí Ni Eré Ìwá-Ọ̀nà?

Nínú eré yìí, a óò fún ọmọ ní máàpù àti kọ́ńpáàsì. Lórí máàpù náà a ti fa òrùka yí àwọn ibi kan ká: ẹ̀gbẹ́ àpáta ńlá kan, igun ògiri kan, ibi tí ipa ọ̀nà méjì ti pàdé. Ní ibi kọ̀ọ̀kan ni a gbé àsíá kékeré aláwọ̀ ọsàn àti funfun kọ́ sí. Ọmọ yóò wá àwọn àmì wọ̀nyí ní títẹ̀léra, yóò fi ohun tí a so mọ́ wọn lu káàdì rẹ̀, yóò sì padà dé ibi ìparí. Kò sí ẹni tí yóò mú un lọ́wọ́ dání. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ṣùgbọ́n tí kò wo máàpù yóò sáré kọjá àmì; ẹni tí ó ń rọra rìn tí ó sì ń ronú lè gba ipò kìn-ínní mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ jọ́gíráfì, ìṣirò àti ìfaradà ni ó pàdé nínú eré kan ṣoṣo.

Ilẹ̀ òtútù ni eré yìí ti ṣẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Sweden ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi í ṣe ìdánrawò ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1897, wọ́n ṣe ìdíje rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn nítòsí ìlú tí a ń pè ní Oslo lónìí, ní orílẹ̀-èdè Norway. Ọ̀gá ológun kan ní Sweden, Ernst Killander, ni ó sọ ọ́ di eré àwọn ọ̀dọ́ láti nǹkan bí ọdún 1918. Ní ọdún 1961, àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́wàá pàdé ní Copenhagen láti dá àjọ àgbáyé rẹ̀ sílẹ̀. Ní ilẹ̀ tiwa, ẹgbẹ́ Boys' Brigade, tí ó dé Nàìjíríà ní ọdún 1908, àti ẹgbẹ́ Scout tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀, kò fi kíka máàpù àti lílo kọ́ńpáàsì ṣeré nínú ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ.

Nítorí pé inú igbó ilẹ̀ òtútù ni eré náà gbé dàgbà, òtútù àti òjò ni àwọn tí wọ́n kọ ìlànà rẹ̀ kọ́kọ́ bẹ̀rù. Wọ́n ní kí ọmọ mú ẹ̀wù òtútù dání, kí ó má baà gan. Lọ́dọ̀ tiwa, oòrùn ni ọ̀tá. Bí a bá gbé ìlànà wọn wá sí Ìdànrè láì tún un ṣe, àwọn ọmọ ni yóò jìyà rẹ̀.

Ilẹ̀ Tí A Óò Lò

Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn ará Ìdànrè fi gbé orí òkè, kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sí ìlú ìsàlẹ̀ ní ọdún 1923. Àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 ni a ń gùn dé ìlú àtijọ́ náà, pẹ̀lú ibi ìsinmi márùn-ún lójú ọ̀nà. Ààfin àtijọ́ ti Ọwá wà níbẹ̀, ilé ẹjọ́ àtijọ́ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1896. Ní ọdún 2007, orílẹ̀-èdè wa fi Òkè Ìdànrè sínú àkójọ àwọn ibi tí ó ń dábàá fún UNESCO gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé.

Irú ilẹ̀ báyìí kì í ṣe pápá ìṣeré lásán. Kí a tó ya máàpù, a gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ní ààfin Ọwá àti lọ́wọ́ àwọn tí ìjọba fi ṣe alábòójútó òkè, kí a sì béèrè ọjọ́ tí ìlú ní ọdún tiwọn lórí òkè, kí tiwa má baà lọ dí tiwọn lọ́nà. Bí ipa ọ̀nà wa bá gba inú oko kòkó kọjá, ẹni tí ó ni oko gbọ́dọ̀ mọ̀. A kò ní í gbé àmì sí ojúbọ, sí ibojì tàbí sí ara òpó tí wọ́n gbẹ́ ère sí. A kò ní í kan ìṣó mọ́ igi, a kò sì ní í fi ọ̀dà kun àpáta. Bí a bá ti parí, kí ẹni tí ó bá gòkè ní ọjọ́ kejì má lè mọ̀ pé a wá síbẹ̀.

Àpáta pẹ̀lú ní òfin tirẹ̀. Kò sí àmì kankan tí ó gbọdọ̀ wà nítòsí bèbè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bí ó ti wù kí ibẹ̀ lẹ́wà tó. Àwọn ọmọ kéékèèké yóò ṣe tiwọn nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, lórí máàpù tí sẹ̀ǹtímítà 1 rẹ̀ dúró fún mítà 40. Àwọn ọmọ kíláàsì àgbà nìkan ni yóò gòkè, máàpù tiwọn sì lè jẹ́ èyí tí sẹ̀ǹtímítà 1 rẹ̀ dúró fún mítà 100. Ní agbègbè wa, àríwá tí kọ́ńpáàsì ń tọ́ka sí àti àríwá gidi kò fi ìwọ̀n 2 yàtọ̀ síra, nítorí náà ọmọ kò ní láti ṣe ìṣirò kankan lórí èyí. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe ka kọ́ńpáàsì rẹ̀ nígbà tí ó bá fara ti irin, nítorí irin a máa fa abẹ́rẹ́ rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà.

Ohun Tí Ooru Ń Ṣe

Ara ènìyàn ní ọ̀nà kan pàtàkì tí ó fi ń tu ara rẹ̀ lára nígbà tí a bá ń ṣe iṣẹ́ líle: a máa làágùn, òógùn náà a sì gbẹ lára. Gbígbẹ òógùn ni ó ń gbé ooru lọ. Bí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, bí ó ti máa ń rí ní ilẹ̀ wa fún ọ̀pọ̀ oṣù, òógùn yóò máa ṣàn ṣùgbọ́n kò ní í tètè gbẹ, ooru yóò sì dúró sínú ara. Ní àkókò ọyẹ́, ọ̀rọ̀ yí padà: òógùn a máa gbẹ kíákíá tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ kò fi mọ̀ pé omi ń tán lára òun.

Ẹ fi ti àpáta kún un. Àpáta a máa gba ooru oòrùn láti òwúrọ̀, a sì máa tú u jáde sí ara ẹni tí ó ń rìn lórí rẹ̀. Ẹni tí ó wà lórí òkè ní agogo mẹ́wàá ń gba ooru láti òkè àti láti ìsàlẹ̀, ibòòji kò sì sí lórí àpáta gbalaja. Nítorí èyí, iye tí ẹ̀rọ ìwọ̀n ooru bá kọ nínú ọ́fíìsì ilé-ẹ̀kọ́ kò tó gbẹ́kẹ̀lé. Kí olùṣọ́ àgbà fi ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ lé àpáta. Bí kò bá lè fi í síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, kí a dá eré dúró.

Ọjọ́ àti Wákàtí

Oṣù Kejì àti oṣù Kẹta ni ooru ń mú jù lọ ní ìhà tiwa. Nígbà òjò, ooru a dínkù, ṣùgbọ́n àpáta a máa yọ̀, mànàmáná sì jẹ́ ewu fún ẹni tí ó wà lórí òkè. Àkókò tí ó dára jù ni ìparí oṣù Kọkànlá sí oṣù Kìn-ínní, nígbà tí àpáta ti gbẹ tí òwúrọ̀ sì tutù, bí kùrukùru ọyẹ́ kò bá ṣú bo ojú ọ̀nà.

Ọjọ́ yòówù kí a mú, wákàtí ṣe pàtàkì ju oṣù lọ. Ní Ìdànrè, oòrùn a máa yọ láàárín agogo mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú sí agogo méje òwúrọ̀ jálẹ̀ ọdún. Àwọn àgbẹ̀ wa kò nílò ìwé kankan kí wọ́n tó mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Kùtùkùtù ni wọ́n ń jáde lọ sí oko. Nígbà tí oòrùn bá kan àtàrí, abẹ́ igi ni à ń bá wọn. Ètò tiwa pẹ̀lú gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ àkọ́kọ́ gbéra ní agogo méje, kí ẹni ìkẹyìn sì ti sọ̀kalẹ̀ ní agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀.

Ibí yìí ni a ní láti sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún ara wa. Gbogbo wa mọ bí àjọ̀dún ṣe ń rí. A óò dúró de alága, a óò dúró de àwọn àlejò pàtàkì, ọ̀rọ̀ ìkíni yóò tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ìkíni, agogo méje yóò sì di agogo mẹ́wàá. Ní gbọ̀ngàn ìpàdé, ìyẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára. Lórí òkè, ọmọ ẹlòmíràn ni yóò fi ara gbà á. Nítorí náà, àdúrà kúkúrú ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, kí gbogbo ọ̀rọ̀ àwọn àgbà sì dúró di ìgbà tí a bá ti sọ̀kalẹ̀. Bí ìbẹ̀rẹ̀ bá pẹ́, a óò gé ọ̀nà náà kúrú. Agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀ kò ní í yẹ̀. Bí agogo mẹ́jọ bá lù tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbéra, a kò ní í gòkè mọ́ ní ọjọ́ náà, inú ọgbà ni a óò ti ṣe é.

Ìṣirò Ọ̀nà

Báwo ni a ṣe mọ̀ pé ọ̀nà kan kò gùn jù? Ìlànà àtijọ́ kan wà tí William Naismith, ará Scotland tí ó fẹ́ràn òkè gígùn, gbé kalẹ̀ ní ọdún 1892. Kìlómítà 5 ni a kà sí ìrìn wákàtí kan, a óò sì fi wákàtí kan kún un fún mítà 600 kọ̀ọ̀kan tí a bá gùn sókè. Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀nà tí ó jẹ́ kìlómítà 2.5, tí gígùn òkè inú rẹ̀ jẹ́ mítà 150. Ìrìn náà yóò gba ìṣẹ́jú 30, gígùn òkè yóò gba ìṣẹ́jú 15, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 45. Àgbà tí ó mọ ọ̀nà tí ó sì wà ní ilẹ̀ tútù ni ìṣirò yìí wà fún. Fún ọmọ tí ó ń wá àmì, tí ó ń sinmi, tí ó sì ń mu omi, àwa yóò sọ ọ́ di ìlọ́po méjì: ìṣẹ́jú 90.

Bí ọmọ 90 bá fẹ́ kópa, kí a pín wọn sí ẹgbẹ́ 30, ọmọ mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹyọ ẹnì kan kò gbọdọ̀ gòkè ní òun nìkan, nítorí ẹni tí ooru bá mú kì í sábà mọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹnì kejì rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rí i. Bí ẹgbẹ́ kan bá ń gbéra ní ìṣẹ́jú méjì-méjì láti agogo méje, ẹgbẹ́ ìkẹyìn yóò gbéra ní agogo mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú méjì. Ẹ fi ìṣẹ́jú 90 lé e, a ti dé agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀ tán. Bí iye ọmọ bá ju èyí lọ, ọjọ́ méjì ni kí a fi ṣe é.

Omi, àti Ẹni Tí Kò Gbọdọ̀ Gòkè

Kí a ṣírò omi inú ọ̀rá mẹ́ta fún ọmọ kọ̀ọ̀kan àti mẹ́rin fún olùṣọ́ kọ̀ọ̀kan. Fún ọmọ 90 àti olùṣọ́ 30, èyí jẹ́ ọ̀rá omi 390. Ogún ni ó ń wà nínú àpò kan. Nítorí náà àpò 20 ni kí a rà. Kí a ru ìdajì rẹ̀ lọ sókè ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, kí a tọ́jú rẹ̀ sí ibòòji, kí a sì kó ọ̀rá òfìfo sọ̀kalẹ̀ títí dé ẹyọ ìkẹyìn. Kí àwọn ọmọ máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Omi àmujù lẹ́ẹ̀kan náà kò ṣe ara lóore. Fún ẹni tí ó bá làágùn púpọ̀, kí a po ṣíbí tíì 6 ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ mọ́ lítà 1 omi mímọ́, kí a wọn ṣíbí kọ̀ọ̀kan ní rẹ́gí.

Ẹ̀yin òbí ni ẹ mọ ohun tí olùkọ́ kò mọ̀. Ọmọ tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn kò gbọdọ̀ gòkè. Ọmọ tí ó ń gba ààwẹ̀, tàbí tí kò jẹun ní òwúrọ̀ náà, kò gbọdọ̀ gòkè. Ọmọ tí ó ní àrùn sickle cell wà nínú ewu ńlá bí omi bá tán lára rẹ̀. Ọmọ tí ó ní ikọ́ fée pẹ̀lú gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda dókítà. A bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́ nítorí ìtìjú. Iṣẹ́ pọ̀ tí kì í ṣe sísáré: kíkọ àkókò sílẹ̀, yíya máàpù, ṣíṣe ìṣirò ipò. Ọmọ tí ó bá jókòó ní ibi ìparí pẹ̀lú aago àti ìwé ti kópa nínú eré náà.

Bí Ooru Bá Mú Ọmọ

Àmì àkọ́kọ́ ni orí fífọ́, òòyì, èébì, tàbí kí iṣan ẹsẹ̀ máa fà. Kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jókòó sí ibòòji, kí ó mu omi, kí ó má sì padà sí eré mọ́ ní ọjọ́ náà. Àmì tí ó burú jù ni kí ọmọ máa sọ ọ̀rọ̀ tí kò ní orí tàbí ìdí, kí ó má mọ ẹnì kejì rẹ̀ mọ́, kí ó máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tàbí kí ó ṣubú. Ẹ má ṣe dúró wò bóyá òógùn rẹ̀ ti gbẹ, nítorí ẹni tí ooru ti wọ̀ ní ọpọlọ ṣì lè máa làágùn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó wà láàárín ìyè àti ikú níbẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí a tu ara rẹ̀. Ẹ bọ́ ẹ̀wù àti bàtà rẹ̀, ẹ da omi lé e láti orí dé ẹsẹ̀, ẹ máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, ẹ fi yìnyín sí ọrùn àti abíyá rẹ̀ bí ó bá wà. Ẹ má ṣe da nǹkan sí ẹnu ẹni tí kò mọ ara rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ èyí kí ẹ tó gbé e, ẹ sì máa bá a lọ títí ẹ óò fi dé ilé ìwòsàn. Nítorí pé àtẹ̀gùn lé ní 600 láti ibẹ̀ dé ilẹ̀, kẹ́ẹ̀gì omi tí a óò fi tu ara gbọ́dọ̀ wà lórí òkè gan-an, lọ́tọ̀ sí omi mímu, kí àwọn ọkùnrin mẹ́fà tí yóò gbé àkéte aláìsàn sì wà lórí òkè pẹ̀lú. Kí àwọn ènìyàn má ṣe ṣù bo ọmọ náà. A óò gbàdúrà, bẹ́ẹ̀ ni. Ọwọ́ tí ó ń da omi kò dí ẹnu tí ó ń gbàdúrà lọ́wọ́.

Káàdì Alápá Méjì

Èyí ni ó gbẹ̀yìn, òun sì ni òpómúléró gbogbo rẹ̀. Ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò ní káàdì tí ó ní apá méjì, orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ lára méjèèjì. Bí ó bá ti fẹ́ gbéra, a óò ya apá kan, a óò so ó rọ̀ sórí okùn ní ibi ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá padà dé, a óò fa apá tirẹ̀ yọ kúrò lórí okùn. Apá tí ó bá ṣẹ́kù ní agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀, ọmọ tí ó wà lórí òkè ni.

Nítorí èyí, òfin kan wà tí kò ní ìyọ̀ǹda: ọmọ tí ó rí gbogbo àmì, ọmọ tí kò rí ẹyọ kan, ọmọ tí ó rẹ̀, ọmọ tí inú bí, gbogbo wọn ni ó gbọ́dọ̀ fara hàn ní ibi ìparí. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sí ilé ti mú kí àgbà ogún máa wá a kiri lórí àpáta gbígbóná. Ẹ̀yin òbí náà, bí ẹ bá bá ọmọ yín pàdé lójú ọ̀nà, ẹ má ṣe mú un lọ láì jẹ́ kí ó kọ́kọ́ fi káàdì rẹ̀ lélẹ̀. Ọmọ tí ó bá sọnù kò gbọdọ̀ gbìyànjú láti gba orí àpáta sọ̀kalẹ̀. Kí ó jókòó sí ibòòji pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó fọn fèrè ní ìgbà mẹ́fà, kí ó sinmi fún ìṣẹ́jú kan, kí ó sì tún fọn ọ́n.

A ti kọ́ gbogbo àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí ní òwe olùṣọ́-àgùntàn tí ó ní ọgọ́rùn-ún àgùntàn. Ohun tí ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ni pé ó kà wọ́n. Bí kò bá kà wọ́n, kì bá tí mọ̀ pé ọ̀kan kù. Ìfẹ́ tí kò ní ìkàyé kò tó fún ẹni tí a fi ọmọ ọlọ́mọ sí lọ́wọ́.

Ìbéèrè Tí Ó Yẹ Kí Òbí Béèrè

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé àṣẹ, ẹ bi wá ní àwọn ìbéèrè wọ̀nyí, ẹ má sì gbà kí a fi ẹ̀rín dá yín lóhùn.

1. Agogo mélòó ni ọmọ ìkẹyìn yóò sọ̀kalẹ̀, ta ni ó sì ní àṣẹ láti dá eré dúró láì bi alága?
2. Ọ̀rá omi mélòó ni ó wà lórí òkè, kẹ́ẹ̀gì omi mélòó ni a sì yà sọ́tọ̀ fún títu ara?
3. Ta ni yóò dúró ní àmì kọ̀ọ̀kan, ta sì ni yóò gbé aláìsàn sọ̀kalẹ̀?
4. Ilé ìwòsàn wo ni ó mọ̀ pé a ń bọ̀, ọkọ̀ wo ni ó dúró ní ẹsẹ̀ òkè?
5. Níbo ni okùn tí a so káàdì rọ̀ sí wà, ta ni kò ní í kúrò nídìí rẹ̀?

Bí a bá dáhùn márààrún, ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ sì bá wa gòkè. Bí ọ̀kan bá kù, ẹ dá ìwé náà padà fún wa, a óò lọ tún ètò wa ṣe. A óò fún ẹni tí ó ṣe ipò kìn-ínní ní ife ẹ̀yẹ ní ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni tí yóò gba ife kankan títí okùn yóò fi ṣófo.